Henry Clifton Sorby, ẹni tó fi máíkírósíkóòpù wo òkúta

Òwò irinṣẹ́ onírin ló sọ ìdílé Henry Clifton Sorby di olówó ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n bí i sí ní 1826. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1847, ogún tó jẹ tó o ná, kò sì wá iṣẹ́ oṣù kankan. Kò lọ sí yunifásítì. Olùkọ́ tí wọ́n gbà wálé ló kọ́ ọ, ilé tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ló sì fi ṣe ilé ìwádìí. Ká má parọ́, owó ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ olówó tó máa jókòó ti òkúta, tí yóò máa fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ ọ́, kò wọ́pọ̀.

Ọ̀dọ̀ W. C. Williamson ní Manchester ló ti rí bí wọ́n ṣe ń lọ eyín àti egungun títí yóò fi tínrín. Sorby dán an wò lára òkúta. Ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ó lọ̀ ọ́ títí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. (0.03 mm ni tiwa lónìí. Ẹni tó bá ti lọ̀ ọ́ kọjá bẹ́ẹ̀ rí mọ bó ṣe ń dunni.) Ó wá fi í sáàárín prism méjì irú èyí tí William Nicol ará Scotland ṣe ní 1828, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, tí wọ́n dábùú ara wọn. Bí kò bá sí nǹkan láàárín wọn, òkùnkùn ni. Garnet kì í kúrò nínú òkùnkùn yẹn, bó ti wù kí a yí i tó. Quartz ní tirẹ̀ sábà máa ń mọ́lẹ̀, á tún ṣókùnkùn, ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú yíyípo kan.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó gbẹ́kẹ̀ lé òòlù fi í ṣe ẹlẹ́yà. Kí ènìyàn máa fi máíkírósíkóòpù wo òkè ńlá jẹ́ ohun ẹ̀rín lójú wọn. Ìwé tó gbé jáde ní 1858 ni èsì rẹ̀. Nínú quartz tó wà nínú granite, ó rí àwọn ihò kéékèèké tí omi wà nínú wọn, pẹ̀lú àyè róbótó kan tí omi náà kò kún. Àlàyé rẹ̀ ni pé omi gbígbóná ló kún ihò náà nígbà tí quartz ń dì. Bó ṣe tutù ló sún kì, tí àyè fi ṣẹ́ kù. Tí a bá tún gbé e kaná títí àyè náà fi pòórá, a ó mọ ibi tí ooru ọjọ́ náà dé, ó kéré tán. Omi lọ́wọ́ sí granite, kì í ṣe iná nìkan. Lójú tèmi, kò ṣe ohun tó ju èyí lọ.

Ní Jámánì ló ti pàdé ọ̀dọ́kùnrin kan, Ferdinand Zirkel, ó sì fi iṣẹ́ náà hàn án. Àwọn ará Jámánì ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ gidi. Sorby ti kọjú sí irin nígbà náà, ohun tó sọ ìdílé rẹ̀ di olówó: ní 1863 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi máíkírósíkóòpù wo inú rẹ̀.

Kò gbéyàwó. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú ní 1874, ó ra ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wo ẹrẹ̀ àti ohun ẹlẹ́mìí inú òkun. Ó kú ní 1908, ó fi owó sílẹ̀ fún Yunifásítì Sheffield kí wọ́n fi gba ọ̀jọ̀gbọ́n jiọ́lọ́jì.