Ìtàn Ìgbésí Ayé Friedrich Hecker, Àgbẹ̀ àti Jagunjagun

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, ìtàn ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa ni mo fẹ́ gbé ka iwájú yín ní ọdún yìí. Òyìnbó ni, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, Friedrich Hecker sì ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Jámánì kan tí ó ti kú láti ọdún 1881, kí ó fara balẹ̀ kà á. Ọkùnrin yìí jà fún òmìnira ní ilẹ̀ baba rẹ̀, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀. Ó ré òkun kọjá, ó di àgbẹ̀. Nígbà tí ó sì kù díẹ̀ kí ó pé ẹni àádọ́ta ọdún, ó tún gbé ìbọn kọ́ èjìká nínú ogun tí ó já ìdè àwọn ẹrú Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n kó láti etí òkun ilẹ̀ Áfíríkà.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1811 ni a bí i ní Eichtersheim, ìletò kan ní ilẹ̀ Baden, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Ẹ má ṣe rò pé Jámánì ìgbà náà rí bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Kò ì tíì di orílẹ̀-èdè kan. Ìpínlẹ̀ tó bí ogójì ni ó wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ọba tàbí ìjòyè tirẹ̀, pẹ̀lú ibodè àti òfin tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ti dá dúró láyé àtijọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Baba Hecker ni ó ń bójú tó ohun ìní ìdílé ọlọ́lá kan, nítorí náà ìyà kò jẹ ọmọ náà ní kékeré. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Mannheim, ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Heidelberg títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì padà sí Mannheim láti ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ní ọdún 1839 ó fẹ́ Josephine Eisenhardt ní ìyàwó.

Ní ọdún 1842 àwọn ènìyàn yàn án sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Baden. Ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ fani mọ́ra, kì í sì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ fi kan káàkiri. Ìjọba Prussia fúnra rẹ̀ ni ó tún bá a polongo orúkọ náà. Ní ọdún 1845, nígbà tí òun àti aṣòfin àgbà kan tí ń jẹ́ Itzstein rìnrìn àjò dé Berlin, àwọn ọlọ́pàá ní kí wọ́n kúrò nílùú kíákíá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tí wọ́n ṣẹ̀ ju èrò ọkàn wọn lọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Hecker rí ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú ènìyàn tí í ṣe.

Ní ọdún 1846 àti 1847, ọ̀dùnkún jẹrà nínú ilẹ̀, ọkà kò ṣe dáadáa, ebi sì wọ ọ̀pọ̀ ilé. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1847, Hecker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe ìpàdé ńlá sí ìlú Offenburg. Wọ́n béèrè pé kí àwọn oníwèé ìròyìn lè tẹ òtítọ́ jáde láìgba àṣẹ, kí olúkúlùkù lè sin Ọlọ́run bí ọkàn rẹ̀ ti rí, kí ará ìlú máa jókòó ti adájọ́ láti dá ẹjọ́, kí owó orí máa bá agbára ẹni mu, kí gbogbo Jámánì sì ní ìgbìmọ̀ kan tí àwọn ènìyàn yàn. Lónìí ohun wọ̀nyí jọ ohun kékeré lójú wa. Ní ọjọ́ náà, ẹ̀wọ̀n ń bẹ nínú wọn.

Nígbà tí ó di oṣù kejì ọdún 1848, àwọn ará Paris lé ọba wọn kúrò lórí ìtẹ́, iná ọ̀rọ̀ náà sì ràn dé Jámánì. Àwọn aṣojú péjọ ní Frankfurt láti jíròrò bí ìjọba yóò ti rí. Hecker fẹ́ kí ìpàdé náà má ṣe túká, kí ó gba agbára lọ́wọ́ àwọn ọba, kí ó sì dá ìjọba tí kò ní ọba sílẹ̀. Àwọn tí ó pọ̀ jù kò gbà. Wọ́n fẹ́ rọra bá àwọn ọba sọ̀rọ̀. Inú bí Hecker, ó sì dìde kúrò láàárín wọn.

Ó gba Konstanz lọ, ìlú kan létí adágún ní ààlà Switzerland. Níbẹ̀ ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gustav Struve ti kéde pé kí àwọn ènìyàn gbé ohun ìjà, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Karlsruhe, olú-ìlú Baden, láti lọ gba ìjọba. Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ni wọ́n gbéra. Wọ́n rò pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún yóò tú jáde láti tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá Hecker jáde ní Konstanz kò tó ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ń gba inú igbó orí òkè kọjá nínú òjò àti yìnyín, ènìyàn díẹ̀díẹ̀ sì ń dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́nà, títí wọ́n fi tó bí ẹgbẹ̀rin. Àwọn kan gbé ìbọn, àwọn mìíràn kò ní ju dòjé tí wọ́n so mọ́ igi gígùn lọ. Hecker fúnra rẹ̀ wọ ẹ̀wù aláró bí ti òṣìṣẹ́, ó de fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ní ìyẹ́. Fìlà náà lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ní Kandern, wọ́n pàdé àwọn ọmọ ogun ìjọba. Ọ̀gágun Friedrich von Gagern, tí ó ṣáájú wọn, jáde wá sórí afárá láti bá Hecker sọ̀rọ̀ pé kí ó jọ̀wọ́ ohun ìjà. Hecker kọ̀. Láìpẹ́ ìbọn dún, Gagern kú sójú ogun, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn Hecker kò lè dúró níwájú ọmọ ogun tí a ti kọ́. Ní ìwọ̀n ìgbà díẹ̀ wọ́n ti fọ́nká sínú igbó. Hecker sá lọ sí Switzerland.

Ní tèmi o, n kò lè yìn ín nínú ọ̀ràn yìí tán. Ohun tí ó ń béèrè dára, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú ìbọn yẹ kí ó kọ́kọ́ ka iye ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ òun. Ó gbẹ́kẹ̀ lé ariwo ìpàdé ju bí ó ti yẹ lọ. Síbẹ̀ àwọn tálákà kò bínú sí i. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kọ orin, wọ́n sì tún dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ Frankfurt nígbà tí ó ṣì wà ní ìgbèkùn. Ìgbìmọ̀ náà kọ̀ láti gbà á wọlé.

Bí ó ti rí i pé ilẹ̀kùn ilé ti tì, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì gúnlẹ̀ sí New York ní oṣù kẹwàá ọdún 1848. Ogunlọ́gọ̀ àwọn Jámánì tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú jáde wá pàdé rẹ̀ bí ẹni ń pàdé ọba. Ó kọjá lọ sí ìpínlẹ̀ Illinois, ní agbègbè Belleville, ó sì ra ilẹ̀ oko nítòsí Summerfield. Kò tíì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ìròyìn dé ní ọdún 1849 pé Baden ti tún dìde, wọ́n sì ń pè é. Ó fi oko sílẹ̀, ó tún la òkun kọjá. Nígbà tí ó fi dé Strasbourg ní oṣù keje, àwọn ọmọ ogun Prussia ti tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì. Kò sí ohun tí ó kù fún un láti ṣe ju kí ó yí padà lọ.

Láti ìgbà náà ni ó ti di àgbẹ̀ ní tòótọ́. Òun àti Josephine àti àwọn ọmọ wọn tẹ̀dó sí Summerfield, wọ́n ń gbin ọkà, wọ́n ń sin màlúù, ó sì fẹ́ràn ọgbà àjàrà rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn Jámánì mìíràn tí wọ́n kàwé tí wọ́n sì sá fún ìjọba wà ní agbègbè náà. Àwọn aládùúgbò a máa pè wọ́n ní àgbẹ̀ onílátìnì, nítorí wọ́n mọ èdè Látìnì ju bí a ti ń túlẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni oko fi ìyà jẹ, tí wọ́n sì padà sí ìgboro. Hecker kò padà. Ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin ni, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Kí àwọn tí ìwé ti gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn láàárín wa ro èyí wò.

Ilẹ̀ tí ó wá tẹ̀dó sí kò jìnnà sí odò Mississippi. Ní Illinois, òfin kò gba kí a ra ènìyàn. Ní òdìkejì odò, ní Missouri, wọ́n ń ta ènìyàn ní gbangba ní ìlú St. Louis. Ẹ rántí pé ní àwọn ọdún tí Hecker ń túlẹ̀ yìí, a ṣì ń kó àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun abẹ́lé wa tú nílé lọ sí oko ìrèké ní Kúbà. Ní ọdún 1854 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó jẹ́ kí oko ẹrú lè tàn dé àwọn ilẹ̀ tuntun ní ìwọ̀-oòrùn. Hecker rí i pé ìjà tí òun sá fún ní Baden ti bá òun dé oko. Ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, ó ń ti ìlú dé ìlú láti bá àwọn Jámánì sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, fún Frémont tí ó fìdí rẹmi ní ọdún 1856, àti fún Abraham Lincoln tí ó wọlé ní ọdún 1860.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1861, ọdún náà gan-an tí Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Hecker kò dúró de oyè. Ó sọdá odò lọ sí Missouri, ó sì forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ogun lásán lábẹ́ Franz Sigel, ẹni tí ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀tẹ̀ ọdún 1848. Arthur ọmọ rẹ̀ náà gbé ìbọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ Hecker di kọ́nẹ́ẹ̀lì lórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun 24 ti Illinois. Níbẹ̀ ni ìwà rẹ̀ ti tún ṣe é. Ó le, kì í gba ìgbàkugbà, òun àti àwọn ọ̀gá tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì gbọ́ ara wọn yé. Kí ọdún tó parí ó ti kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, ó padà sí oko.

Ní ọdún 1862 wọ́n tún wá a wá. Ẹgbẹ́ tuntun, ìkejìlélọ́gọ́rin ti Illinois, dúró lábẹ́ rẹ̀. Jámánì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kan jẹ́ ti àwọn Júù tí ìjọ wọn ní Chicago kó jọ, òmíràn sì jẹ́ ti àwọn ará Sweden àti Norway. Àwọn àlejò tí wọ́n sá fún ìpọ́njú ilẹ̀ wọn ni wọ́n lọ jà kí àwọn ẹlòmíràn má bàa wà nínú ìdè.

Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 1863, ní Chancellorsville ní Virginia, àwọn ọmọ ogun Gúúsù tí Jackson ṣáájú yọ láti inú igbó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn Jámánì nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Àwọn ọ̀gá Jámánì kan ti ránṣẹ́ ṣáájú pé ọ̀tá ń rìn nínú igbó, àwọn ọ̀gágun àgbà kò kà á sí. Ẹgbẹ́ Hecker dúró, ó yìnbọn, ìbọn sì ba òun fúnra rẹ̀ ní itan. Lẹ́yìn ogun, àwọn ìwé ìròyìn di gbogbo ẹ̀bi náà ru àwọn Jámánì, wọ́n pè wọ́n ní ojo. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìdálẹ̀ mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: bí iṣẹ́ bá dára, ti gbogbo wa ni; bí ó bá bàjẹ́, ti àlejò ni.

Nígbà tí egbò rẹ̀ san, ó padà sójú ogun, wọ́n sì fi ẹgbẹ́ mélòó kan sábẹ́ rẹ̀. Ní òru kan ní òpin oṣù kẹwàá ọdún náà, ní Wauhatchie ní Tennessee, Ọ̀gágun Hooker fi ẹ̀sùn kàn án pé ó fi ìdúró falẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó sáré lọ gba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ là. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí, ìgbìmọ̀ náà sì dá a láre. Ṣùgbọ́n oyè ọ̀gágun kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1864, ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀ ó sì gba ilé lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1865, oko ẹrú parí nínú òfin Amẹ́ríkà. Ẹnu oko rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1871 Jámánì di ọ̀kan lábẹ́ ọba Prussia. Inú Hecker dùn sí ìṣọ̀kan náà, nítorí ohun tí ó ti ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀ ni. Ní ọdún 1873 ó lọ wo ilé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn sì yọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó wò yíká, ó rí àwọn ọmọ ogun àti ìjòyè púpọ̀, kò rí ẹ̀tọ́ ará ìlú tí wọ́n béèrè ní Offenburg. Ó sọ èyí ní gbangba fún wọn, inú àwọn kan kò sì dùn. Ó padà sí àárín àjàrà rẹ̀ ní Summerfield.

Níbẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1881, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Ní ọdún kejì wọ́n gbé òkúta ìrántí rẹ̀ kalẹ̀ ní Benton Park ní St. Louis, ní ìlú tí wọ́n ti ń ta ẹrú nígbà kan. Ère orí rẹ̀ sì wà ní Cincinnati. Ní Illinois, abúlé kan wà tí ń jẹ́ Hecker títí di òní. Kí ó tó máa jẹ́ orúkọ yìí, orúkọ tí ó túmọ̀ sí Òmìnira ni wọ́n ń pè é.