W. Richard Stevens

William Richard Stevens (5 Oṣù Kejì 1951 – 1 Oṣù Kẹsàn-án 1999) jẹ́ òǹkọ̀wé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí a bí ní Áfríkà. Ó gbajúmọ̀ fún àwọn ìwé rẹ̀ lórí Unix àti TCP/IP, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

A bí Stevens ní Luanshya, ní orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Sámbíà lónìí. Ó gboyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ òfurufú ní Yunifásítì Michigan ní 1973, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Arizona ní 1982. Láàárín 1975 sí 1982, ó ṣiṣẹ́ ní Kitt Peak, ibùdó ìworàwọ̀ kan nítòsí Tucson.

Iṣẹ́ lórí signal

Ìwé rẹ̀, Advanced Programming in the UNIX Environment, jáde ní 1992. Èdè C ni ó fi kọ àwọn àpẹẹrẹ inú rẹ̀. Orí kẹwàá dá lórí signal, ìyẹn ìkìlọ̀ tí Unix máa ń fi ránṣẹ́ sí ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá tẹ Ctrl-C, SIGINT ni ètò náà yóò gbà. Bí kò bá ti pèsè ìdáhùn sílẹ̀, yóò kú. Kò sí ètò tí ó lè yẹ SIGKILL.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé signal lè dé nígbàkigbà. Bí ó bá ká ètò mọ́ àárín malloc, tí ìdáhùn náà sì tún pe malloc, ètò lè dàrú. Nínú Unix àtijọ́, bí ètò bá ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ìdáhùn náà a parẹ́. Bí signal kejì bá dé kí a tó dá a padà, ètò lè kú láìròtẹ́lẹ̀. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rí, nítorí kì í ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Stevens fi àwọn ètò kúkúrú tí òǹkàwé lè dán wò ṣàlàyé àwọn ewu yìí. Ó fi hàn pé sigaction ti POSIX kì í pàdánù ìdáhùn bẹ́ẹ̀, ó sì kọ́ni pé kí ìdáhùn kàn yí oríyìn kan tí ó jẹ́ irú sig_atomic_t padà, kí ètò gan-an wá ṣe iṣẹ́ tó kù.

Ikú àti ìrántí

Stevens kú ní ẹni ọdún 48. Ní 2000, ẹgbẹ́ USENIX fi àmì-ẹ̀yẹ ìgbésí-ayé dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Stephen Rago ṣe àtúnṣe ìwé 1992 náà, ẹ̀dà kejì sì jáde ní 2005.