Ọlábísí Àjàlá, Arìnrìn-àjò Orí Alùpùpù

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbáà ṣe Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ìbáà ṣe Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, tí a kò ti mọ orúkọ Àjàlá. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn kan kò bá gbélé, tí ó wà ní Ìkòròdú ní òwúrọ̀, tí ó sì ti dé Ẹ̀pẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ènìyàn yóò ní ó ti di Àjàlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé ọkùnrin kan wà láyé rí tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí, àti pé orí alùpùpù kékeré kan ni ó ti gba òkìkí náà.

Moṣúùdù Àdìsá Ọlábísí Àjàlá ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ilẹ̀ Gánà, tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ni ilẹ̀ àwọn òbí rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì dàgbà sí. Ó kàwé ní Baptist Academy ní Èkó àti ní Ibadan Boys’ High School. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 18, ó kọrí sí Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó ni ó ní lọ́kàn láti kọ́.

Ní Amẹ́ríkà, Àjàlá rí i pé ohun tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ mọ̀ nípa Áfíríkà kò tó nǹkan, àti pé èyí tí wọ́n rò pé àwọn mọ̀ kì í ṣe òtítọ́. Ó pinnu láti fi ara rẹ̀ hàn wọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ó gbéra láti Chicago, ó di Los Angeles, ìrìn-àjò tí ó tó 2,280 máìlì. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó wọ̀. Bí ó ti ń dé ìlú kan, ni ó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde, wọ́n sì fún un ní ipò kékeré nínú fíìmù kan tí a ń pè ní White Witch Doctor, tí ó jáde ní ọdún 1953.

Ṣùgbọ́n ayé kì í dùn títí kí ó má ní ìyọnu. Ní ọdún 1953 kan náà, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ní kí ó fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gun òpó rédíò gíga kan, tí ó sì kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Ó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, ìrònú àtidi oníṣègùn sì dópin. Ẹlòmíràn ìbá jókòó kí ó máa sunkún, ṣùgbọ́n Àjàlá wá ọ̀nà mìíràn.

Ní ọdún 1957, ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Vespa ni ó gùn. Kò sí ẹni tí yóò wo irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ tí yóò ní ó lè yí ayé ká. Ní Amẹ́ríkà tí ó ti wá, alùpùpù ńláńlá bíi Harley-Davidson àti Indian ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń yangàn. Indian ni ó gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta nínú eré-ìje ńlá ti Isle of Man ní ọdún 1911. Síbẹ̀, bí ọjà kò ti yá mọ́, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe wọ́n dáwọ́ dúró ní ọdún 1953. Òkìkí àti agbára nìkan kò tó láti gbé ọkọ̀ dúró.

Ní ti Vespa, ilé-iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1946. Agbọ́n ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Corradino D’Ascanio, ẹni tí ó yàwòrán rẹ̀, jẹ́ onímọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, kò sì fẹ́ràn alùpùpù rárá, nítorí pé wọ́n ń fi ọ́ìlì ba aṣọ jẹ́, táyà wọn sì ṣòro í pààrọ̀. Nítorí náà ó fi irin bo ẹ́ńjìnnì, ó yọ ṣéènì kúrò, ó sì fi àyè sílẹ̀ níwájú kí ẹni tí ó wọ agbádá pàápàá lè jókòó ní ìrọ̀rùn. Bí táyà bá jò, a lè yọ ọ́ ní kíákíá. Àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gbàgbé pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Lórí Vespa yìí ni Àjàlá fi rin ọdún mẹ́fà, tí ó sì dé orílẹ̀-èdè 87. Ó dé Íńdíà, Rọ́ṣíà, Ìráànì, Íjíbítì àti Ọsirélíà. Ó rí Nehru, ó rí Nasser, ó rí Khrushchev, ó sì rí Golda Meir. Ní Jerúsálẹ́mù, ìlú tí a ti pín sí méjì nígbà náà láàrin Jọ́dánì àti Ísírẹ́lì, ó gun Vespa rẹ̀ la ẹnubodè Mandelbaum kọjá, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ọmọ-ogun tí ń ṣọ́ ibẹ̀ lè yìnbọn fún òun. Ó kọ ìtàn ìrìn-àjò rẹ̀ sínú ìwé An African Abroad, tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1963.

Lẹ́yìn náà, Ebenezer Obey dárúkọ rẹ̀ nínú orin, orúkọ náà sì di ti gbogbo ayé. Àjàlá kú ní Èkó ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1999. Kò fi ọrọ̀ ńlá sílẹ̀, kò sì di oníṣègùn tí ó fẹ́ dà. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí ayé ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú lè gbé ènìyàn dé ibi tí àwọn elẹ́gàn kò dé rí, bí ẹni tí ó gùn ún bá ní ìgboyà, tí kò sì tijú rẹ̀.