ÌTÀN MÁNIGBÀGBÉ: Ọlábísí Àjàlá, ọmọ Yorùbá tó fi kẹ̀kẹ́ ológeere la Amẹ́ríkà já

Bí ẹnì kan ládùúgbò yín bá lọ Ìjẹ̀bú lónìí, tó lọ Ìbàdàn lọ́la, tí wọ́n tún rí i ní Kọ̀tọnù lọ́túnla, orúkọ kan ló máa ń bọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn: Àjàlá. Ẹ ó gbọ́ ọ ní ibùdókọ̀ Mowe, ẹ ó gbọ́ ọ ní Ìbàfò, ẹ ó gbọ́ ọ lọ́jà Ìfọ̀. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí ọkùnrin náà kú gan-an ń fi orúkọ rẹ̀ pe ara wọn.

Àmọ́ ẹ bi wọ́n pé ta ni Àjàlá, ibo ló lọ, kí ló gùn lọ? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dákẹ́. Àwọn tó gbọ́ díẹ̀ nínú ìtàn náà á ní alùpùpù Vespa ló fi yí ayé ká. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Vespa kọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà, ló kọ́kọ́ gbé e jáde.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Mashood Ọlábísí Àjàlá. Orílẹ̀-èdè Ghana, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ni wọ́n ti bí i, àwọn òbí rẹ̀ sì gbé e wá sí Nàìjíríà láti kékeré. Ó kàwé ní Baptist Academy l'Ékòó àti Ibadan Boys' High School. Nígbà tó yá, ó wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà láti tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì di akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Chicago.

Ẹ má gbàgbé irú àsìkò tí a ń sọ yìí o. Lọ́dún 1952, abẹ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì la ṣì wà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ni kì í gba èèyàn dúdú wọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ aráàlú ibẹ̀ sì mọ̀ nípa Áfíríkà kò ju ohun tí wọ́n rí nínú sinimá lọ: igbó, ìlù, àti àwọn tó ń rìn níhòòhò. Àjàlá gbọ́ ọ, ó rí i, kò sì lè mú un mọ́ra.

Ohun tó ṣe ni pé ó gbé agbádá wọ̀, ó gun kẹ̀kẹ́, ó kúrò ní Chicago, ó dorí kọ Los Angeles.

Máìlì 2,280

Ìrìn náà jẹ́ máìlì 2,280, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 3,670. Ká fi ọ̀nà tiwa wọ̀n ọ́n: ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàfò dé Kánò, tó padà wá sí Ìbàfò, tó tún gbéra lọ Kánò lẹ́ẹ̀kejì, kò tíì rìn tó ìrìn Àjàlá. Ojú ọ̀nà ọ̀hún kò sì tẹ́jú délẹ̀. Láti Chicago dé etíkun ìwọ̀-oòrùn, pápá gbalasa wà níbẹ̀, òkè ńláńlá wà níbẹ̀, aṣálẹ̀ tí oòrùn ti ń jó bí iná náà wà níbẹ̀.

Lóde òní, àwọn tó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ la orílẹ̀-èdè kan já máa ń kó ara wọn jọ ni. Ìdí wà fún un. Ẹni tó bá wà níwájú ló ń gba atẹ́gùn sí àyà. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ kì í lo agbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń gbà á fún ara wọn. Bí táyà ẹnì kan bá jò, àwọn yòókù á dúró tì í. Ọkọ̀ tó gbé omi, oúnjẹ àti irinṣẹ́ sì sábà máa ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Àjàlá nìkan ló dá tirẹ̀ lọ. Atẹ́gùn tó bá fẹ́, òun nìkan ló ń kọjú sí i.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn jù ni ọ̀rọ̀ aṣọ. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé aṣọ fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ṣéènì. Àwọn bàbá wa tó ń gun Raleigh lọ oko tàbí lọ síléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ni máa ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè kó má baà há. Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì mú aṣọ ìbílẹ̀ lọ síbẹ̀síbẹ̀, torí aṣọ yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó ń jẹ́. Bó bá dé ìlú kan, yóò bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa ilé. Ó fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé ará Áfíríkà ń wọṣọ, pé ó ní àṣà, pé ó sì lè dúró níwájú wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí.

Nílé níbí nígbà náà, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ ti kúrò ní mẹ̀kúnnù. Ní Amẹ́ríkà, ọmọdé ni kẹ̀kẹ́ wà fún, àgbàlagbà ti ra mọ́tò. Ẹ wá wo bí yóò ti rí lójú wọn, kí géńdé ọkùnrin dúdú kan nínú agbádá máa wa kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kò sí bí wọn ò ṣe ní wò ó. Àwọn oníwèé ìròyìn náà sì kọ nípa rẹ̀.

Hollywood, lẹ́yìn náà wàhálà

Nígbà tó dé Los Angeles, àwọn onísinimá rí i, wọ́n sì fún un ní ipa kékeré nínú fíìmù White Witch Doctor, tó jáde lọ́dún 1953. Susan Hayward àti Robert Mitchum ni ọ̀gá òṣèré inú rẹ̀. Ibí yìí ló ti ń ṣe èèyàn ní háà. Fíìmù nípa òyìnbó tó lọ sínú igbó Kóńgò láàárín àwọn adáhunṣe ni o. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ náà já kó lè sọ pé Áfíríkà kì í ṣe igbó lásán, inú igbó sinimá náà ni wọ́n tún ti rí iṣẹ́ fún un.

A ò ní fi apá kan ìtàn pa mọ́ fún yín. Àjàlá kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó kó sí wàhálà lórí ọ̀rọ̀ ṣéèkì, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, obìnrin kan náà sì pè é lẹ́jọ́ pé òun ló ni ọmọ òun. Ìjọba Amẹ́ríkà ní kó máa lọ. Nígbà tọ́rọ̀ dójú ẹ̀, ó gun òpó ilé iṣẹ́ rédíò kan lọ sókè, ó ní bí wọ́n bá máa lé òun, òun máa bẹ́ sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n rí i mú, wọ́n sì dá a padà sí London. Ọkùnrin tí ìwé ìròyìn ń gbé gẹ̀gẹ̀ lánàá ti di ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú.

Ẹlòmíì ì bá fi ìtìjú wọ yàrá lọ jókòó. Àjàlá ò jókòó.

Ẹsẹ̀ méjì di Vespa

Lọ́dún 1957, ó tún gbéra, Vespa ló sì gbé lọ́tẹ̀ yìí. Ọdún mẹ́fà ló lò lójú ọ̀nà, iye orílẹ̀-èdè tí wọ́n sì sọ pé ó dé jẹ́ 87. Ó dé Íńdíà, ó dé Rọ́ṣíà, ó dé Ìránì, ó dé Íjíbítì, ó dé Ọsirélíà. Ó fojú kan Nehru ti Íńdíà, Nasser ti Íjíbítì àti Golda Meir ti Ísírẹ́lì. Ní Jerúsálẹ́mù, tí àwọn sójà Jọ́dánì àti ti Ísírẹ́lì ti dojú ìbọn kọ ara wọn, ó sáré lórí Vespa rẹ̀ gba ẹnubodè kọjá, ọta ìbọn ì bá sì ti ba ìrìn náà jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó kó ìrírí rẹ̀ jọ sínú ìwé kan, An African Abroad, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1963.

Nígbà tó padà sílé, ó ń ṣe iṣẹ́ ìpolówó àti ètò àríyá, àwọn olórin sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn ló fún un ní ohun tí owó ò lè rà. Olóyè Ebenezer Obey, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ẹni tí wọ́n bí ní Ìdógò, níbi tí ojú irin tó yà láti Ìfọ̀ parí sí, dárúkọ rẹ̀ nínú orin kan lọ́dún 1972 pé ó rìn yí gbogbo ayé ká. Láti ìgbà náà ni orúkọ Àjàlá ti di orúkọ gbogbo arìnrìn-àjò.

Ṣùgbọ́n orúkọ kì í san owó ilé. Nígbà tí ara ò gbé kánkán mọ́, Bàrígà l'Ékòó ni Àjàlá ń gbé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí owó mọ́. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ẹsẹ̀ tó wa kẹ̀kẹ́ la Amẹ́ríkà já kò lè gbé e mọ́. Ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 1999 ló dákẹ́ ní Ọsibítù Ìjọba tó wà n'Íkẹjà. Kò jìnnà sí wa rárá, ọkọ̀ kan ni láti Ìbàfò dé Berger, ìkejì á gbé yín dé Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ ṣàwàdà lọ́dún náà ni kò mọ̀ pé ẹni tó ni orúkọ ọ̀hún ṣì wà láyé, tó ń wá owó oògùn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kò burú ká máa pe alárìnkiri ní Àjàlá. Bí ọmọ yín bá wá béèrè pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ fún un pé orúkọ inú orin lásán ni. Ẹ sọ fún un pé èèyàn ni, ó ní àṣìṣe tirẹ̀, ó sì ní ọkàn. Ẹ sọ fún un pé nígbà tí wọ́n ń pe àwọn baba rẹ̀ ní ẹni tí kì í wọṣọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ agbádá, ó gun kẹ̀kẹ́, ó sì lọ fi ara rẹ̀ hàn wọ́n, láti ìlú dé ìlú, fún máìlì 2,280.