Fẹlá tó gba ìdánwò òyìnbó tí kò ju orin ilé nù

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ piano ti ń ro ó láti ọjọ́ yìí: orin wo ni kóun mú wọ ìdánwò, tòyìnbó àbí tilé? Wọ́n ti dẹ́rù bà á pé tó bá mú tilé, wọ́n máa gé máàkì òun. Èmi ò mọ piano tẹ̀ o, àmọ́ mo mọ ìtàn Fẹlá kan. Ẹ má rò pé Aníkúlápó ni. Fẹlá Ṣówándé ni mò ń wí.

Ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Àlùfáà tó fẹ́ràn orin ni bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé. L'Ékòó, Fẹlá kọrin ní Kàtídírà Christ Church, T.K.E. Phillips sì kọ́ ọ ní ọ́gáànù. Ibẹ̀ ni etí rẹ̀ ti mọ Bach, ibẹ̀ náà ló ti gbọ́ orin ìjọ tó bá ohùn Yorùbá mu. Tó bá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún ní ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀ tó ń ṣe jáàsì àti háíláífù.

Kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀, ó ti dé London. Lọ́dún 1936, òun ló tẹ piano nínú Rhapsody in Blue ti George Gershwin. Ó tún bá Fats Waller tẹ piano pọ̀. Iṣẹ́ ń lọ, owó ń wọlé, síbẹ̀ ó padà di akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 1943, nígbà tó ń sún mọ́ ogójì ọdún, ó gba FRCO, ìwé ẹ̀rí ńlá àwọn olórin ọ́gáànù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ẹ̀bùn Limpus, Harding àti Read.

Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló wù mí jù. Lọ́dún 1944, ó kọ African Suite, ó sì fi Akínlà, ohùn háíláífù, parí ẹ̀. Orin yìí kan náà ni rédíò CBC ní Kánádà fi ń ṣí ètò kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Kingsway Hall, níbi tó ti ń tẹ ọ́gáànù láti 1945 sí 1952, ó ń fi ohùn orin ilé dárà fún àwọn aláwọ̀ dúdú inú ìjọ, kí wọ́n lè gbọ́ nǹkan tó jọ tiwọn. Oyígíyigì wà lára irú iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ló kú sí lọ́dún 1987.

Mo ti sọ fún ọmọ náà pé kó kọ́ Bach dáadáa, kó má fún ẹnikẹ́ni láyè láti sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá wá gbà kó mú orin kan fúnra rẹ̀, kó mú tilé, kó sì tẹ̀ ẹ́ láìbẹ̀rù.

Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo lẹ máa mú?