William Smith: Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tó Fetí sí Awakùsà

Ní Gbàgádà tí mò ń gbé, kò sí ọjọ́ kan tí ọkọ̀ kì í já sìmẹ́ńtì sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe é, irú èyí tó wà ní Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tí Jones àti Hockey to ìpele ilẹ̀ agbègbè wa sínú ìwé ní 1964, orúkọ ìlú yìí ni wọ́n fún ìpele òkúta náà: Ewekoro Formation. Orúkọ yẹn ló mú mi wádìí ẹni tó la ọ̀nà títo òkúta sílẹ̀.

Ọdún 1769 ni wọ́n bí William Smith ní abúlé Churchill, ní Oxfordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, ó sì kú nígbà tí ọmọ wà ní ọdún 8. Smith kò lọ sí yunifásítì. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló kọ́, iṣẹ́ náà ló sì gbé e wọ inú kòtò èédú ní Somerset. Níbẹ̀ ló ti rí i pé ìpele òkúta máa ń tò tẹ̀léra bákan náà. Bí òkúta méjì bá sì jọra, ìkarawun tó ti di òkúta nínú wọn ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Smith kò wá orúkọ Látìn kiri. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn awakùsà àti àgbẹ̀ ló mú lò. Lias jẹ́ ọ̀rọ̀ awakùsà. Cornbrash ni àwọn àgbẹ̀ Wiltshire ń pe ilẹ̀ olókúta tí ọkà ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Títí dòní, orúkọ ìpele òkúta ẹfun kan nìyẹn.

Ní 1815, ó tẹ máàpù ńlá rẹ̀ jáde. Gbèsè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1819. Ní ọdún kejì, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní London gbé máàpù tiwọn jáde. 1831 ni ẹgbẹ́ yìí kan náà tó fi àmì ẹ̀yẹ Wollaston àkọ́kọ́ dá a lọ́lá. Ó kú ní 1839.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa òkúta nílẹ̀ wa náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Bí àgbà wọn bá ń kú láìsí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bá wọn lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá, kó wọ ọkọ̀ Ewékorò.