Beko Ransome-Kuti: Dókítà tí ìjọba ológun sọ di ẹlẹ́wọ̀n

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Olóògbé Dókítà Bekololari Ransome-Kuti, ìjà òṣèlú ló máa ń rántí. Ṣùgbọ́n oníṣègùn ni ọkùnrin náà kó tó di ajìjàgbara, ó sì fojú ara rẹ̀ rí bí ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe rí.

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 1940 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti ni bàbá rẹ̀, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì ni ìyá rẹ̀. Fẹlá olórin àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye, tó ṣe mínísítà ètò ìlera, jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Manchester, ó sì padà sílé lọ́dún 1963.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà ya bo ilé Fẹlá ní oṣù Kejì ọdún 1977, wọ́n ba ilé ìwòsàn Beko tó wà níbẹ̀ jẹ́. Ìyá wọn, tí wọ́n jù sílẹ̀ láti ojú fèrèsé, kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Nínú ẹgbẹ́ àwọn dókítà, NMA, Beko pariwo pé kò sí oògùn nílé ìwòsàn ìjọba. Ìjọba Ọ̀gágun Buhari fòfin de ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ti Beko mọ́lé. Kò dẹ̀yìn. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ CDHR sílẹ̀ lọ́dún 1989, ó sì di alága Campaign for Democracy. Ilé rẹ̀ ní Anthony, tí kò jìnnà sí Bàrígà àti Ṣómólú, di ibi tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru.

Lọ́dún 1995, ìgbìmọ̀ ológun lábẹ́ Abacha dá a lẹ́bi pé ó fi ìwé tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Bello-Fadile fi gbèjà ara rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, kí wọ́n tó dín in kù sí ọdún 15. Katsina ni wọ́n gbé e lọ, ibi tó jìnnà réré sí ẹbí rẹ̀.

Ẹlẹ́wọ̀n kò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́dà gbọ́dọ̀ gbà pé ara rẹ̀ kò yá, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ọkọ̀. Bí àìsàn òjijì bá dé lóru, ìdádúró díẹ̀ lè di ikú. Ọ̀gágun Shehu Musa Yar'Adua, tí wọ́n dá lẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan náà, kú sọ́gbà ẹ̀wọ̀n Abakaliki ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Wọ́n tú Beko sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1998, lẹ́yìn ikú Abacha. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àìsàn òjijì mú Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ní àtìmọ́lé l'Ábùjá, kò sì rù ú là.

Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ló pa Beko ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì ọdún 2006, lẹ́ni ọdún 65.

Lọ́dún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Òfin Mandela, tó ní ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ bá ti ará ìlú dọ́gba, kí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le sì rí dókítà kíákíá. Lọ́dún 2019 ni Nàìjíríà ṣe òfin tuntun fún ọgbà ẹ̀wọ̀n tiẹ̀. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n wa ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi rárá. Ọmọ Bàrígà tó ń dúró de ìdájọ́ ní Kirikiri tàbí Ìkòyí kò ní orúkọ ńlá bíi ti Beko tí ayé yóò fi gbé ohùn sókè nítorí rẹ̀. Òun gan-an ni òfin náà wà fún.